Ta Ló Ní Ihò Console Ti Kú?

Láàárín àwọn tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní Adó-Èkìtì, láti ọ̀nà Ìwòròkò títí dé Àjìlósùn, ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ débi pé ẹni tó bá ta kò ó ni wọ́n ń fojú ará àtijọ́ wò. Wọ́n ní ihò console ẹ̀yìn ráútà ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ta ló tún ń jókòó ti okùn serial, kó máa to baud rate, láyé tí èèyàn lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó fi fóònù ṣètò gbogbo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ní cloud lòun fẹ́ kọ́. Olùkọ́ ní ayé ti kọjá ibẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ẹnjiníà á wá láti Èkó.

N kò gbà. Ìlú tó jìnnà sí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún un, ìlú tí iná ọba rẹ̀ ń ṣe ségesège, ìlú tó jẹ́ pé tòkunbọ̀ ló pọ̀ nínú ohun tó ń rà, kò gbọ́dọ̀ fi ihò yẹn ṣeré. Ẹni tó ra ráútà tí kò lè bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, ó kàn háyà rẹ̀ ni, kódà bí rìsíìtì bá wà lápò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń jà lé lórí ná. Iṣẹ́ ráútà ni kó gba pákẹ́ẹ̀tì láti ojú kan, kó wo àdírẹ́sì tó wà lára rẹ̀, kó sì tì í gba ojú mìíràn jáde. Gbogbo ojú tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ń retí kí ẹnì kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀: àdírẹ́sì wo ni tiwọn, ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbà, ta ni kí wọ́n jẹ́ kó wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣi ìkan sọ nínú rẹ̀, ojú náà yóò di, ẹni tó ṣi í sọ kò sì ní rí ọ̀nà padà wọlé lọ tún un ṣe. Ihò console kò retí ohunkóhun nínú wọ̀nyẹn. Wáyà mẹ́ta ti tó o: ọ̀kan ń sọ, ọ̀kan ń gbọ́, ẹ̀kẹta jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ dúró lé. Ìlànà tí iná ara wáyà náà ń tẹ̀ lé, RS-232, ti wà láti 1960. Ó dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u lọ.

Nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣe agbọ̀rọ̀sọ láàárín, ohun tí serial ń béèrè ni pé kí ìhà méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó pàdé. Nǹkan márùn-ún ni àdéhùn náà: iye bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye bíìtì tó wà nínú lẹ́tà kan, bóyá bíìtì ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní parity wà tàbí kò sí, iye bíìtì tó ń parí lẹ́tà, àti bí ìhà kan ṣe ń sọ fún èkejì pé kó dúró díẹ̀. Lára ráútà Cisco, bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, 9600 ni, bíìtì mẹ́jọ, kò sí parity, bíìtì ìparí kan, kò sí flow control. Lára RouterBOARD ti MikroTik, tó kún ọwọ́ àwọn tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilẹ̀ wa, 115200 ni. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Síbẹ̀, mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà olùkọ́ pé èyí le jù fún àwọn ọmọ. Nǹkan márùn-ún! Ọmọ tó lè ka ipò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ogún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó tún mọ iye gólù tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ!

Bí o bá gbé 115200 lọ bá ẹ̀rọ tó ń sọ 9600, ẹ̀rọ náà kò ní sọ fún ọ pé o ṣì í. Àmì jákujàku ni wàá máa rí lójú kọ̀ǹpútà, tàbí kí o má rí nǹkan kan rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní 9600, bíìtì kan ń gba nǹkan bí ìdá 104 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ìhà tó ń gbọ́ á dúró títí wáyà á fi yí padà, èyí ni bíìtì ìbẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa kà á ní àárín gbùngbùn bíìtì kọ̀ọ̀kan, títí lẹ́tà náà yóò fi parí. Bí aago tiwọn bá fi díẹ̀ yàtọ̀, kò ṣe nǹkan, nítorí lẹ́tà tó kàn á tún un bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bó bá fi ìlọ́po méjìlá yàtọ̀, ohun tí ìkan sọ kọ́ ni èkejì gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ da èyí rú, tó sì tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ti mọ ohun kan nípa bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń gbọ́ ara wọn yé, tí áàpù aláwọ̀ mèremère kankan kò lè kọ́ ọ.

Ẹ̀sùn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kan ihò yìí ni pé ó lọ́ra. Òótọ́ ni. Pẹ̀lú bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, lẹ́tà kan ń gba bíìtì mẹ́wàá, nítorí náà 9600 ń gbé lẹ́tà 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló wà ní Adó tó lè ka lẹ́tà 960 ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Àṣẹ là ń fi ránṣẹ́ gba ibẹ̀, a kì í wo fíìmù níbẹ̀. Ibi tí ìlọ́ra rẹ̀ ti lè dun èèyàn ni ibi tí wọn kì í mẹ́nu bà, bóyá nítorí pé wọn kò dé ibẹ̀ rí.

Ẹ wò ó báyìí. Oníṣẹ́ kan ń pààrọ̀ ètò iṣẹ́ inú ráútà sí tuntun. Iná lọ. Ẹ̀yin ará Bàsírì àti Òkèṣà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́ ni mò ń pa. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, iṣẹ́ ti dà nù. Nígbà tí iná dé, ráútà náà kò rí ètò kankan tí yóò gbé dìde. Bó bá jẹ́ Cisco, inú ìpele kékeré tí wọ́n ń pè ní ROMmon ló máa dúró sí. Nínú ipò yìí kò sí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, kò sí áàpù, ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ihò console nìkan ló kù tó ń dá èèyàn lóhùn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti gbé ètò wọlé, a lè fi ìlànà ìfiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Xmodem tì í gba ojú ihò náà. Ètò tó bá tó mílíọ̀nù ọgbọ̀n lẹ́tà, lórí ìṣirò lásán, yóò gba wákàtí tó lé ní mẹ́jọ àbọ̀ ní 9600. Wákàtí mẹ́jọ àbọ̀ láìmú iná lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìṣètò serial á kọ́kọ́ gbé ìyára náà lọ sí 115200 nínú ROMmon, á yí ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí bákan náà, iṣẹ́ yẹn á sì di nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká àti UPS kékeré kan lè gbé e débẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ tó jí àti ẹ̀rọ tí wọ́n jù nù nìyẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì ṣe é.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbé ìyára lọ sí 115200 gbàgbé láti dá a padà, kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹlòmíràn dé pẹ̀lú 9600 tó há sórí, ó so okùn mọ́ ọn, ó rí jákujàku, ó ní, «Ọ̀gá, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jó.» Wọ́n ra òmíràn. Mélòó nínú àwọn ráútà tí wọ́n kó dà sí yàrá ìkẹ́rùsí ló jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n ju pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ yára ju bí ẹni tó wá bẹ̀ wọ́n wò ṣe rò lọ?

Bí a ti ń sunkún náà là ń ríran. Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ serial tó ti kú lóòótọ́, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Láyé tí kafé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde, tí àwọn báǹkì ń gbé abọ́ VSAT sórí òrùlé, okùn V.35 gbàǹgbà ló máa ń so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ ojú serial ráútà. Ìhà kan gbọ́dọ̀ máa lu aago fún èkejì, ẹni tó bá sì gbàgbé clock rate ní ìhà tó yẹ, ojú náà kò ní gbéra láéláé. Fáíbà àti rédíò ti gba iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí Cisco gbé ìdánwò CCNA tuntun jáde ní oṣù kejì 2020, wọ́n yọ ìlànà PPP tó ń gba ojú serial kúrò nínú rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Àwọn alátakò mi á wá gbé èyí sókè bí àsíá: «Ṣé ẹ rí i? Àwọn tó ni ín ti yọ ọ́!» Wọ́n yọ ojú serial tó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì láti ìlú dé ìlú. Ojú serial tí èèyàn ń gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ṣì wà lára gbogbo ráútà ńlá tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń tà. Ohun méjì ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ mọ́ra kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́.

Ìtàn pàápàá kò gbè wọ́n. Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé serial jẹ́ ti ayé kan, pákẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ti ayé tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tó lé e lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń rìn. Ọdún 1969 ni ARPANET bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà; nígbà tó fi di 1971, wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TIP, tó ń darí pákẹ́ẹ̀tì, tó sì tún ń gba tẹ́míná 63 mọ́ra. Nígbà tí X.25 di ìlànà àgbáyé ní 1976, kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ ìlànà X.3 mọ́ ọn, ìwé tó to ohun tí a lè yí padà fún tẹ́míná tó fẹ́ wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pákẹ́ẹ̀tì: ṣé kó máa dá lẹ́tà padà sójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, ìgbà wo ni kó di ọ̀rọ̀ pọ̀ kó fi ránṣẹ́. Àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kò rí ìṣètò serial bí ohun yẹpẹrẹ.

Ó wá ku cloud, òrìṣà tuntun. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lójú omi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì di fà-á-jẹ́ẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn báǹkì ń bẹ oníbàárà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ kan ní òkè òkun ló ti ń ṣètò switch tó wà ní yàrá kejì sí tirẹ̀, kí ni yóò ṣe? Switch ń wò ó, òun náà ń wo switch. Wọ́n á ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Facebook, tí kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò lówó tàbí pé wọn kò lẹ́njiníà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 2021, àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n pa nígbà ìtọ́jú gé okùn tó so àwọn ilé ẹ̀rọ wọn pọ̀. Facebook, WhatsApp àti Instagram pòórá fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Èèyàn ni wọ́n rán lọ sí ìdí ẹ̀rọ, kí wọ́n lọ fọwọ́ kàn án.

Cloud fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹta 2021, Amazon, tó ń fi kọ̀ǹpútà inú cloud háyà fún gbogbo ayé, gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní EC2 Serial Console. Kọ̀ǹpútà tí kò sí níbì kan tí èèyàn lè nawọ́ tọ́, wọ́n dá ojú serial sí i lára, kí olówó rẹ̀ lè wọlé tún un ṣe nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá bàjẹ́. Àwọn tó ni cloud ń kọ́ ihò serial sínú cloud. Àwa tí a kò ní in là ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ihò serial ti kú. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ta kò mí dáhùn ìyẹn kó tó sọ nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà Èkó kò gbà mí lákòókò. Láti Èkó, gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n àti Àrámọkọ dé Adó, ó lé ní 300 kìlómítà. Àwọn gbọ̀ngàn ìdánwò CBT pọ̀ nílùú yìí, látìgbà tí JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà ní 2015. Bí switch gbọ̀ngàn bá pàdánù ètò rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí àwọn ọmọ yóò sì wọlé ní aago méje, ẹnjiníà tó wà ní Ìkẹjà kò wúlò ju ẹnjiníà tó wà lórí òṣùpá lọ. Ẹni tó wà nílé, tó ní okùn kan lápò, tó sì mọ nọ́ńbà tó yẹ kó tẹ̀, ni gbọ̀ngàn náà nílò.

Ti tòkunbọ̀ gba kí a dúró díẹ̀. Ráútà tí wọ́n yọ lára ògiri ní òkè òkun, tó gba Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà dé ọ̀dọ̀ wa, kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ sínú páálí. Ẹni tó rà á nílò láti wọlé láìmọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà tó wà fún un lára ráútà Cisco àtijọ́ sì ṣe tààrà. O so okùn console mọ́ ọn. O pa á, o tàn án. Láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, o fi àmì break ránṣẹ́, èyí tí kò ju pé kí wáyà wà nípò kan náà kọjá àkókò tí lẹ́tà kan yẹ kó gbà. O yí nọ́ńbà ìdìde rẹ̀ sí 0x2142, kó má ka ètò àtijọ́. Ó dìde bí ọmọ tuntun, o fún un ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tìrẹ, o dá nọ́ńbà náà padà sí 0x2102, o tọ́jú rẹ̀. Bí o bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn, ìgbà tí iná bá tún lọ ni wàá rí àbájáde rẹ̀: ẹ̀rọ á tún dìde láìmọ nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ tó wá láti ilẹ̀ ẹlòmíràn ti di tìrẹ.

Níbí ni àwọn tó gbọ́n nínú wọn ti máa ń mú mi. Wọ́n ní tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ihò yìí gan-an ni olè ń gbà wọlé. Èyí lágbára ju gbogbo àwíjàre wọn yòókù lọ, kò sì yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá dé ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn lè sọ ara rẹ̀ di onílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ìdí ẹ̀rọ lè gbé e lọ pẹ̀lú, ó lè da omi sí i, ó lè fa okùn iná rẹ̀ yọ. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ni oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tún ní àṣẹ tó lè pa ọ̀nà 0x2142 yẹn dé. Àti pé, ta ni yóò rántí pa á dé? Ẹni tí wọn kò kọ́ pé ó wà?

Wọ́n tún ní kọ̀ǹpútà alágbèéká ìsinsìnyí kò ní ihò oníka mẹ́sàn-án mọ́. Kò ní in lóòótọ́. Okùn USB tó ní ṣíìpù kékeré nínú ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí 2009 ni Cisco tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú USB kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ihò console lára ráútà tuntun wọn. Bí ojú náà tilẹ̀ jẹ́ USB, serial ni kọ̀ǹpútà yóò ṣì rí. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ayédèrú ṣíìpù. Ní oṣù kẹwàá 2014, ilé-iṣẹ́ FTDI gbé ètò kan jáde gba Windows Update, tó ń yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ayédèrú ṣíìpù wọn sí òdo, kọ̀ǹpútà kò sì dá okùn náà mọ̀ mọ́. Ẹni tó ra okùn olówó pọ́ọ́kú lórí tábìlì etí títì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé okùn lè ṣàìsàn kí ráútà tó ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ nìyẹn náà.

Ìjọba Èkìtì kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2020, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, wọ́n gé owó tí àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ gba fáíbà ń san láti 4,500 náírà bọ́ sí 145 náírà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ekiti Knowledge Zone, wọ́n ń pe àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá. Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí fáíbà bá wọlé, tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ Ilẹ̀ Iyì kò mọ̀ ju kí wọ́n wo iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ gbígbẹ́ kòtò àti ṣíṣọ́ ilé nìkan ni yóò kàn wọ́n.

Adó ní Federal Polytechnic, ó ní Ekiti State University, ó ní Afe Babalola University. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú yìí kò tó ohun tí a ń kó ìpàdé jọ fún. Kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé-ẹ̀rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí wọn yóò fi gbé ráútà kan síwájú rẹ̀, tí olùkọ́ ti yí ìyára rẹ̀ padà níkọ̀kọ̀, tí ó sì ti fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì í pa. Kí wọ́n fún un ní okùn kan, kọ̀ǹpútà tó ní PuTTY, àti wákàtí kan. Kò gbọ́dọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú yàrá náà. Nígbà tó bá wọlé tán, kó kọ ìyára tó bá níbẹ̀ àti èyí tó fi sílẹ̀ sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ kò tó, owó kò sí. Ẹ ṣí yàrá ìkẹ́rùsí. Ẹ kó àwọn ráútà tí ẹ ti kọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé jáde, ẹ nu eruku ara wọn, ẹ fún wọn níná. Ẹ gbìyànjú 9600. Bí wọn kò bá dáhùn, 115200. Lẹ́yìn náà 19200, 38400, 57600. Àwọn tó bá dáhùn, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì ìdánwò. Àwọn tí kò bá dáhùn rárá, ẹ tú wọn kí àwọn ọmọ ọdún kìíní lè rí ohun tó wà nínú wọn.